Dẹ́rẹ́bà Tí Kì í Wa Mọ́tò

Bí ẹ bá dé Agó-Ìwòyè lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ń parí pírọ́jẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ ò ní í béèrè ọ̀nà Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni yóò júwe rẹ̀ fún yín. Ìsọ̀ ń wo ìsọ̀ lójú: ti ibí ń ṣe fọ́tókọ́pì, ti ọ̀hún ń tẹ̀wé, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń di ìwé pọ̀. Àwọn ọmọ tò sílẹ̀, fíláàṣì lọ́wọ́, ara wọn ò lélẹ̀, nítorí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn ti ní kí wọ́n kó ẹ̀dà wá kí oòrùn tó kan àtàrí.

Irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ kan tí prínta yarí. Kò sí ohun tó ṣe prínta náà. Iná ń tàn lára rẹ̀, íńkì wà nínú rẹ̀, bébà wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà. Wáyà tó so wọ́n pọ̀ kò já. Síbẹ̀, ńṣe ni àwọn méjèèjì jókòó bí tọkọtaya tó ń bára wọn yan odì. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ìsọ̀ pé kí ló dé. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ni ò sí."

Ẹ̀rín pa mí. Dẹ́rẹ́bà tí èmi mọ̀ ni ẹni tó ń wakọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń pariwo pé ẹnì kan péré ló kù, nígbà tí àyè ènìyàn mẹ́ta ṣì ṣófo lẹ́yìn. Ọmọ náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, ló bá ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lòun ń lò. Windows tó wà nínú rẹ̀ ti ń falẹ̀ bí ìgbín, kòkòrò inú fíláàṣì àwọn oníbàárà sì ti ń ba iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Òun wá yọ ọ́, òun fi Linux sí i. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti ń sáré. Prínta nìkan ló kọ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe dẹ́rẹ́bà kankan tó bá Linux mu. Òun ti kọ̀wé sí wọn. Mo ní, "Kí ni wọ́n wá sọ?" Ó ní, "Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo ṣì ń dúró dè wọ́n ni."

Ìdúró yẹn ni mo gbé lọ sílé, ìdí rẹ̀ sì ni àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹnà àti ògbufọ̀

Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹnà la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ tí a kò bá fẹ́ kí àgbà gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń pa á yóò gbọ́ ariwo, kò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú kọ̀ǹpútà rí. Ìbojú rẹ̀ ní ẹnà tirẹ̀. Èyí tó ń gbé ohùn jáde ní tirẹ̀. Èyí tó ń fa Wi-Fi, kámẹ́rà, prínta, gbogbo wọn ló ní tiwọn. Ètò tó jẹ́ olórí nínú kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe Windows, ìbáà ṣe Linux, kò lè gbọ́ gbogbo ẹnà wọ̀nyí tán. Ó nílò ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ògbufọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní dẹ́rẹ́bà.

Ta ló lè kọ ògbufọ̀ náà? Ẹni tó mọ ẹnà ni, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì lè gbà ṣe é. Ó lè kọ dẹ́rẹ́bà kí ó sì fi kóòdù rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, hàn ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, tún un ṣe, kí ó sì mú un bá ìgbà mu. Ó lè kọ ọ́ kí ó fi aṣọ bò ó bí eégún: ẹ lè jó tẹ̀lé e, ẹ kò gbọdọ̀ ṣí ojú rẹ̀ wò. Ó sì lè máà kọ nǹkan kan rárá, kí ó ní kí oníbàárà máa retí.

Ẹ má rò pé ìṣòro ọmọ ìsọ̀ Agó-Ìwòyè nìkan ni èyí. Lẹ́nu prínta gan-an ni gbogbo ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Xerox fi prínta alágbára kan ta yàrá ìwádìí kan lọ́rẹ ní MIT, ní Amẹ́ríkà. Bébà a máa há sínú rẹ̀. Prínta tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ní kóòdù tó wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yàrá náà, Richard Stallman, ti kọ ọ́ kún un pé bí bébà bá há, kí ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n dìde lọ tú u. Tuntun yìí kò mú kóòdù kankan wá. Nígbà tó gbọ́ pé ẹnì kan ní yunifásítì Carnegie Mellon ní kóòdù náà, ó lọ bá a, ó tọrọ rẹ̀. Onítọ̀hún kọ̀. Ó ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní í fi han ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ náà dun Stallman wọra. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ó kéde iṣẹ́ GNU: ètò kọ̀ǹpútà tí kóòdù rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan ní Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, kéde pé òun náà ń kọ ètò kan. Èyí ni Linux. Ìdàpọ̀ iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni ọmọ ìsọ̀ wa fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bébà tó há ní Amẹ́ríkà ló bí i, bébà tó kọ̀ láti jáde ní Agó-Ìwòyè ló sì ń dà á láàmú.

Àwọn tó ti dúró ṣáájú wa

Kí a má baà dájọ́ ìkà, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní ẹjọ́ tiwọn láti rò. Wọ́n ní bí àwọn bá tú ẹnà àwọn síta, àwọn tí àwọn ń bá figa gbága yóò jí ọgbọ́n àwọn lò. Wọ́n ní apá kan nínú kóòdù náà kì í ṣe tàwọn, àwọn yá a lò ni. Àwọn tó ń ṣe Wi-Fi ní ìjọba ní òfin lórí agbára ìgbì afẹ́fẹ́, àwọn kò fẹ́ kí ọwọ́kọ́wọ́ tẹ ibẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, iye àwọn tó ń lo Linux lórí láptọ́ọ̀pù kéré. Oníṣòwò kì í gbé ọjà lọ síbi tí kò ti rí èrò.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò lè káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n ń gbọ́ ẹnà tó ń bá dẹ́rẹ́bà tó fi aṣọ bojú pa, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyàwó tuntun tó ń kọ́ àwọn orúkọ àdàpè ilé ọkọ. Bí wọ́n ṣe ṣe ti Wi-Fi Broadcom nìyẹn. Lọ́dún 2006, dẹ́rẹ́bà tí wọ́n kọ lọ́nà yìí wọ inú Linux. Kó tó dìgbà náà, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń gbé dẹ́rẹ́bà Windows wọ Linux pẹ̀lú agídí, nípasẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ ndiswrapper. Ó di ọdún 2010 kí Broadcom fúnra rẹ̀ tó fi kóòdù dẹ́rẹ́bà fún àwọn Wi-Fi tuntun rẹ̀ síta.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olùtọ́jú Linux, gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá fẹ́ mú ìwé àlàyé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun yóò bá a kọ dẹ́rẹ́bà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́: lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ AMD kéde pé òun yóò máa tú ìwé àlàyé káàdì àwòrán Radeon síta. Intel náà ti ń fi tirẹ̀ hàn.

Nvidia, tó ń ṣe káàdì àwòrán bíi AMD, ni olórí àwọn tó ń fi aṣọ bojú nígbà náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, ní yunifásítì Aalto ní Finland, wọ́n bi Torvalds léèrè nípa wọn. Ó kọjú sí kámẹ́rà, ó na ìka àárín, ó sì bú wọn ní èébú tí ìwé ìròyìn kì í tẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tí àwọn ti bá da nǹkan pọ̀, àwọn ò rí èyí tó burú tó Nvidia. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni kan ti ń tú ẹnà Nvidia fúnra wọn tipẹ́, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Nouveau. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún 2014, káàdì tuntun Nvidia kò gba àṣẹ mọ́ láti ọwọ́ ètò tí Nvidia kò bá fọwọ́ sí. Nígbà náà, Nouveau lè tan ìbojú, kò lè mú káàdì sáré. Ó dà bí dẹ́rẹ́bà tó wọ mọ́tò olówó ńlá, tí wọ́n wá de jíà mọ́ ọn lọ́wọ́ sí ẹyọ kìíní.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Nvidia tó fi kóòdù apá tó wọnú gbùngbùn Linux hàn. Ariwo ayọ̀ sọ. Ìdúró so èso. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ìkéde náà: káàdì ìran Turing, tó jáde lọ́dún 2018, àtàwọn tó tẹ̀lé e nìkan ni ìṣílẹ̀kùn náà kàn. Ẹni tó ti ń retí láti ọdún 2012 pẹ̀lú káàdì ọdún 2012 kò rí nǹkan kan gbà. Oúnjẹ dé, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó máa jẹ ẹ́.

Ìgbà tí ẹ̀rọ ń dé ọwọ́ wa

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di tiwa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà ń gbé níbi tí ènìyàn ti ń ra ẹ̀rọ tuntun. Lójú tiwọn, ìbéèrè náà ni pé oṣù mélòó ni àwọn yóò fi dúró lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá jáde. Tiwa yàtọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí ọmọ Agó-Ìwòyè ń lò, ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Jámánì ló kọ́kọ́ lò ó fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Wọ́n gbé e sọnù, wọ́n dì í sínú kọ̀ǹténà, ó gba Àpápá, ó gba ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, kó tó dé orí tábìlì ìsọ̀. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀. Àkókò ẹ̀jẹ́ ìtọ́jú ti kọjá. Orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé àwọn tí wọ́n ń ṣe dẹ́rẹ́bà tuntun fún.

Nítorí náà, nígbà tí à ń dúró, ẹni tó ti jáde ní ẹ̀yìnkùlé là ń kan ilẹ̀kùn fún.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Radeon HD 5000 àti 6000. Lọ́dún 2015 ni AMD kó wọn sí ẹgbẹ́ àwọn arúgbó tí kò ní í ṣe dẹ́rẹ́bà tuntun fún mọ́ lórí Windows. Nínú Linux, dẹ́rẹ́bà wọn ṣì wà, nítorí kóòdù rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ AMD nìkan, ó ti di ogún gbogbo ilé. Bí baba bá gbàgbé, ọmọ kan, níbì kan, yóò rántí. Mo mọ̀ pé Linux náà a máa ju arúgbó sílẹ̀ nígbà mìíràn: lọ́dún 2012 ni wọ́n yọ ṣíìpù 386, èyí tí Torvalds fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó yọ ohun kan, wọn a kéde, wọn a béèrè bóyá ẹnì kan ṣì ń lò ó, kóòdù tí wọ́n bá sì yọ wà níbi tí ẹni tó bá nílò rẹ̀ yóò ti rí i. Dẹ́rẹ́bà tó fi aṣọ bojú kò ní irú ààyè yẹn. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ti bá ọ̀nà mìíràn lọ, eégún wọ igbó, kò tún jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá gbóná sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 kò fẹ́ gba láptọ́ọ̀pù tí kò bá ní ṣíìpù ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni kò sì wọlé. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lókè òkun yóò kó tiwọn dànù. Ibi tí wọ́n máa dé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n bá dé, Linux ni yóò lè fún wọn ní ẹ̀mí kejì, bí wọ́n bá ní ògbufọ̀.

Irin kì í pa ẹnà

Ẹ jẹ́ kí á kúrò ní Agó-Ìwòyè, kí á yà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìlú onígẹdú ni. Ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ẹ óò rí ẹ̀rọ ìlagi tó ti ṣiṣẹ́ títí tí ọ̀dà ara rẹ̀ fi ṣí dànù. Bí bíárì rẹ̀ bá jẹ, wọn a wá òmíràn tó bá a mu. Bí irin kan bá kán, wẹ́dà a jó o pọ̀. Bí ayùn bá kú, ẹni tó ń pọ́n ọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, bóyá onítọ̀hún tilẹ̀ ti kú. Ẹ lọ sí Ogun Waterside, sí Ìwopin tàbí Màkún-Omi, létí ọ̀sà. Ẹ óò rí mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ká sórí ẹní, tó mọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe mọ eyín ọmọ. Ẹ́ńjìnnì náà yóò padà sójú omi kí ó tó di ọjọ́ ọjà.

Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí kò dúró de ẹnikẹ́ni? Wọn kò ní ọgbọ́n ju ọmọ oníkọ̀ǹpútà lọ. Irin ni kì í pa ẹnà. Ohun tí irin ń ṣe, ojú lè rí i, ọwọ́ lè tọ́ ọ wò, ọmọṣẹ́ lè kọ́ ọ lára ọ̀gá. Kóòdù ni ènìyàn lè tì mọ́lé pátápátá, tí ẹ̀rọ yóò jókòó síwájú rẹ pẹ̀lú ìlera pípé, tí kò ní í wúlò. Àwọn baba wa tó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ òyìnbó rí àyè sọ ọ́ di tiwọn láàrin ìran kan. Àwa ra ẹ̀rọ tó kéré ju ìyẹn lọ, a san owó pé, síbẹ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Kọ̀ǹpútà tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ará Ogun Waterside kì í ṣe láptọ́ọ̀pù rárá. Fóònù ni. Gbùngbùn Linux ló wà nínú Android, ìyẹn ni pé Linux ti dé etí ọ̀sà tipẹ́ láìsọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà ṣíìpù inú fóònù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló fi aṣọ bojú. Bí ilé-iṣẹ́ ṣíìpù bá dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀, ó máa ń ṣòro fún ẹni tó ṣe fóònù láti gbé Android tuntun sí i bó tilẹ̀ wù ú. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń pẹ́, tí ìbojú rẹ̀ kò fọ́, á di ẹni tí áàpù ilé ìfowópamọ́ ń lé jáde. Àwọn kan ti ń jà lórí èyí náà. Mali, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán nínú ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú, ti ní dẹ́rẹ́bà tó ṣí sílẹ̀ tó ń jẹ́ Panfrost. Alyssa Rosenzweig, tó wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, kò tíì kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí Nàìjíríà wà láàrin

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìjà yìí jìnnà sí wa. Lọ́dún 2007, ó wáyé láàrin wa lẹ́ẹ̀mejì.

Àkọ́kọ́ ni ti láptọ́ọ̀pù 17,000 tí wọ́n fẹ́ kó fún àwọn ilé-ìwé wa. Classmate ni orúkọ rẹ̀, Intel ló ṣe àwòṣe rẹ̀, Linux ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ni àdéhùn sọ pé yóò wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé wọn yóò san owó Linux, ṣùgbọ́n Windows ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ariwo ta káàkiri ayé, kò sì pẹ́ tí àjọ ìjọba tó ń náwó sí ọ̀pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà, USPF, fi sọ pé Linux yẹn náà ni àwọn ń fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí níbẹ̀ ni pé ẹ̀yà inú Classmate ní dẹ́rẹ́bà fún àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè yàn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó gbọ́ ẹnà Windows nìkan ni, kò ní í sí ohun tí wọ́n máa jà lé lórí.

Èkejì sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì korò díẹ̀. Adé Oyegbola, ọmọ Nàìjíríà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, LANCOR, wà ní Massachusetts, ṣe àtẹ bọ́tìnnì Konyin, tí ènìyàn fi lè tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì orí àti ìsàlẹ̀ láìwá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, LANCOR gbé àjọ One Laptop per Child ti Nicholas Negroponte lọ sílé ẹjọ́ ní Èkó. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n ra àtẹ bọ́tìnnì òun, wọ́n sì tú ẹnà inú dẹ́rẹ́bà rẹ̀ láti fi ṣe tiwọn. Àjọ náà ní àwọn kò jẹ̀bi.

Ẹ rí i pé ìwà kan náà tí a fi ń yin àwọn tó tú ẹnà Broadcom ni ẹ̀sùn tí ọmọ wa fi kan àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tó fi òógùn rẹ̀ ṣe ohun kan ní ẹ̀tọ́ láti jẹun lára rẹ̀, n kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ ṣeré lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá jókòó sídìí Linux lónìí, àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ìgbò, lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò kí ó sì tún ṣe. Mo kàn mú un nínú àwọn tó wà nílẹ̀ ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n tí a bá tì mọ́ àpótí, ọlọ́gbọ́n nìkan ló ń gbà.

Ohun tí ọwọ́ wa lè ká

Ṣé kí a wá dẹ́kun àtidúró? Kì í ṣe gbogbo wa ló lè jókòó tú ẹnà. Ṣùgbọ́n ìdúró oríṣi méjì ló wà: ti ẹni tó jókòó sójú ọ̀nà tó káwọ́ gbera, àti ti ẹni tó ń dúró bó ṣe ń ro oko rẹ̀ lọ.

Ẹni tó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, kó mú fíláàṣì tó ní Linux dání lọ sọ́jà. Kó fi tan ẹ̀rọ náà níbẹ̀, kó wo Wi-Fi, kó gbọ́ ohùn, kó tó sanwó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà á, ó sì lè gbà á lọ́wọ́ ìdúró oṣù mẹ́wàá. Ẹni tó fẹ́ ra prínta, kó béèrè bóyá ó gbọ́ èdè àjùmọ̀sọ tí wọ́n ń pè ní IPP Everywhere tàbí AirPrint. Ọ̀pọ̀ prínta ìsinsìnyí ló gbọ́ ọ. Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan láti máa sọ èdè kan ṣoṣo, kò sì sí iṣẹ́ fún ògbufọ̀ mọ́ níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti gbọ́ra.

Ohùn ẹnì kan kò tó nǹkan létí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọmọ ìsọ̀ wa kọ̀wé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ṣùgbọ́n yunifásítì, pólì, ìjọba ìpínlẹ̀, wọn kì í ra ẹyọ kan. Bí ìwé àdéhùn wọn bá sọ pé a kò ní í ra ẹ̀rọ tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ tajà yóò wá ọ̀nà ṣe é. AMD kò ṣí tirẹ̀ nítorí pé ó láàánú. Oníbàárà ló ń wá.

Àwọn ọmọ tó sì ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Agó-Ìwòyè, tí wọ́n ń wá orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, ẹ̀rọ tí kò ní ògbufọ̀ kún ìsọ̀ tó wà níwájú géètì wọn.

Mo padà sí ìsọ̀ yẹn lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Prínta kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, bébà ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ní, "Wọ́n ti dá ẹ lóhùn?" Ọmọ náà ní rárá o, wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí, tó ní irú prínta bẹ́ẹ̀ nílé, ló tú ẹnà rẹ̀, tó sì gbé kóòdù náà síta. Òun kàn mú un ni. Ó ní àṣìṣe kékeré kan wà nínú rẹ̀ lórí bébà tó gùn, òun ti tún un ṣe, òun sì ti fi ránṣẹ́ padà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun ti fọ abọ́.

Bébà tán lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa páálí tuntun yọ. Mo rántí Ìwopin, ní Ogun Waterside, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ bébà sílẹ̀ láàrin ọdún 1970 sí 1979, pé kí Nàìjíríà lè máa ṣe bébà ìkọ̀wé tirẹ̀. Ìlú dúró de bébà náà títí, ilé-iṣẹ́ náà kò sì ṣiṣẹ́ dé ibi tí wọ́n pète rẹ̀ sí. Mo gba páálí náà lọ́wọ́ ọmọ yìí, mo yí i wò lẹ́yìn.

Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é. Mo dá a padà fún un, ó já a, ó tẹ bébà sẹ́nu prínta, ó sì pe ẹni tó kàn.